Ère irin inú àgbẹ̀dẹ: ìjà kan tí wọ́n ní ìrẹ́jẹ ni

Àwọn méjì ló ni ìjà yìí. Wọ́n gbà kí n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí n ṣáà má dárúkọ àwọn, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò ni mo máa pè wọ́n. Baldur's Gate 3 ni géèmù tí wọ́n ń gbá, èyí tí ilé-iṣẹ́ Larian Studios gbé jáde lóṣù Kẹjọ ọdún 2023. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbá a pọ̀, oníkálukú nídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn ara wọn. Akọni mẹ́rin ló ń wà nínú ìkọ̀ kan, wọ́n sì pín wọn ní méjì-méjì. Ẹ̀gbọ́n ń darí jagunjagun onídà ńlá àti àlùfáà tó ń wo ọgbẹ́. Àbúrò ń darí tafàtafà àti ọlọ́fọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ìjà náà yẹ ní kíkọ ni pé léraléra ni ọ̀rọ̀ “ìrẹ́jẹ” ń jáde lẹ́nu Àbúrò, kò sì sígbà tí ohun tó ń tọ́ka sí jẹ́ ohun kan náà. Nígbà mìíràn ọ̀tá ló ń bá wí, nígbà mìíràn dáìsì tí ẹ̀rọ ń jù láti mọ̀ bóyá ìkọlù bà ni, nígbà tó tún yá ó di Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀. Mo ti gbọ́ ẹ̀sùn yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ onígéèmù, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí n rí gbogbo rẹ̀ nínú ìjà kan ṣoṣo.

Àgbẹ̀dẹ àtijọ́ kan wà lábẹ́ ilẹ̀ nínú géèmù náà, níbi tí wọ́n ń pè ní Grymforge. Omi iná, ìyẹn òkúta tó ti yọ́, ló yí pèpéle rẹ̀ ká, owú ràgàjì kan sì rọ̀ sókè láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá kó irin mithral débẹ̀ lè fi owú náà rọ ohun ogun adamantine, irin kan tó le koko. Ẹni tó bá wọ ẹ̀wù irin yẹn, ọ̀tá ò lè rí ìkọlù olóró tí ojú 20 dáìsì máa ń fún èèyàn ṣe sí i lára. Ère irin kan ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Grym lorúkọ rẹ̀. Kò pọn dandan kéèyàn bá a jà kí ìtàn tó lè tẹ̀ síwájú, ẹ̀wù ló gbé àwọn méjèèjì débẹ̀. Tactician ni ìpele ìnira tí wọ́n yàn, níbi tí ẹ̀mí ọ̀tá ti fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti ìpele àárín lọ. Ṣùgbọ́n èèyàn lè fi ibi tó bá dé pamọ́, kó sì padà síbẹ̀ bí wọ́n bá pa á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kókó yẹn sọ́kàn, torí òun ni màá fi ṣèdájọ́ níkẹyìn.

Bí Grym ṣe jáde látinú omi iná báyìí ni jagunjagun Ẹ̀gbọ́n ti fi idà lé e. Òfo. Tafàtafà ta ọfà méjì, òfo náà ni. Ọlọ́fọ̀ wá ná ọfọ̀ tó lágbára jù lọ tó ní lé e lórí, àfi bíi pé wọ́n da omi lé àpáta. Ère náà fi ẹsẹ̀ tẹ jagunjagun mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi tán.

“Ẹ̀gbọ́n, ìrẹ́jẹ rèé! Ta ló ń bá ohun tí kò ṣeé gún jà?”

“Fara balẹ̀ ná. Ṣé o ka ohun tí wọ́n kọ sókè orí ẹ̀ nígbà tí ọfà bà á?”

Kò kà á. Ẹ̀gbọ́n gan-an kò kà á àfìgbà tó padà wo àkọsílẹ̀ ìjà, ìyẹn ojú ìwé kékeré ẹ̀gbẹ́ tó ń sọ gbogbo ohun tí dáìsì ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ìkọlù wọn bà á dáadáa, ara rẹ̀ ni kò gbà á. Ẹ̀gbọ́n bá ṣí ojú ìwé tí wọ́n fi ń yẹ ọ̀tá wò, èyí tí ẹnikẹ́ni lè ṣí láàárín ìjà láìná ohunkóhun. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpalára kankan kò ran ère náà, ipò kan wà tó ń bọ́ sí tí ààbò yẹn máa ń ṣí kúrò lára rẹ̀, ooru ló sì ń gbé e débẹ̀.

Lórí ẹ̀sùn àkọ́kọ́ yìí, mi ò gbè sẹ́yìn Àbúrò rárá. Ọ̀tá tí a kò lè pa bí a ti ń pa àwọn yòókù kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Géèmù náà ti sọ òfin rẹ̀ láti orí ọfà kìíní, ọfà kan ṣoṣo sì ni owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọ́n ta èkejì, wọ́n tún wá ná ọfọ̀ tó wọ́n jù lọ lórí ìbéèrè tí ọfà ti dáhùn. Ohun tó pa wọ́n lọ́jọ́ náà ni àṣà tí ìjà rírọrùn kọ́ wọn, pé ohun tó lágbára jù lọ ni kéèyàn kọ́kọ́ gbé jáde.

Nígbà tí wọ́n padà débẹ̀, wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀pá kan wà lórí pèpéle náà tí wọ́n ń fà kí omi iná lè ṣàn wọlé. Wọ́n tan Grym wọ inú rẹ̀, ara rẹ̀ pọ́n yòò, ìkọlù wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Inú wọ́n dùn gan-an. Lẹ́yìn náà ni jagunjagun gbé idà sókè, tí ojú ẹ̀rọ fi hàn pé ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìrètí pé yóò bà, ó sì tàsé. Ó tún gbé e, 85 náà ni, ó tún tàsé. Ara ère náà tutù padà, àǹfààní lọ, wọ́n kú.

Ẹ̀sùn kejì rèé: dáìsì ń yan ẹni. Àbúrò ní òun ti fura tipẹ́ pé ẹ̀rọ ń yí nọ́ńbà padà lẹ́yìn àwọn.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ níbí. Òfin Dungeons & Dragons, géèmù orí tábìlì tí wọ́n ń fi dáìsì gbá, ẹ̀dà karùn-ún rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2014, ni wọ́n gbé géèmù yìí lé, dáìsì olójú 20 ló sì ń ṣèdájọ́ ìkọlù. Bí ó bá wà ní 85, ojú 1, 2 àti 3 nìkan ló lè mú ẹni tàsé. Kó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì léra, ìdá 2.25 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ó kéré, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkọlù méjì péré ni wọ́n ń ṣe nínú ìjà gígùn. Bí ìkọ̀ náà bá kọlù nígbà 40 ní ìdá 85, bíi mẹ́fà ni yóò tàsé, ó sì lé díẹ̀ ní ìdajì pé méjì nínú wọn á tẹ̀lé ara wọn níbì kan. Ìkọlù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó wọlé kì í dúró sí wa lọ́kàn. Méjì tó tàsé ni ẹni náà á gbé sùn.

Kì í kúkú ṣe ẹ̀bi Àbúrò nìkan, torí àwọn géèmù mìíràn ti kẹ́ wa jù. Láti ọdún 2002, nínú Fire Emblem: The Binding Blade, nọ́ńbà méjì ni ẹ̀rọ ń mú, tó ń rò pọ̀, tó sì ń pín sí méjì kó tó pinnu bóyá ìkọlù bà. Bí ojú ẹ̀rọ bá ní 90, bíi 98 ni lábẹ́lẹ̀. XCOM: Enemy Unknown, tó jáde lọ́dún 2012, náà ń ta èèyàn lọ́rẹ ní ìkọ̀kọ̀ ní àwọn ìpele tó rọrùn. Ẹni tó ti ń jẹ irú ọrẹ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ á rí 85 tòótọ́, á sì rò pé wọ́n ja òun lólè. Àwọn tó ṣe àwọn géèmù wọ̀nyẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n lójú tèmi, irọ́ tó dùn mọ́ni náà wà lára ìrẹ́jẹ. Ọjọ́ tí kò bá sí mọ́ la máa ń mọ̀.

Ẹ̀rí kan wà tí Àbúrò rí. Nínú ètò Baldur's Gate 3, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní Karmic Dice, tó wà ní títàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó má jẹ́ kí àṣeyọrí tàbí ìkùnà tò tẹ̀lé ara wọn jù. Nítorí náà, bí ọwọ́ bá tilẹ̀ wà lára dáìsì náà, ó wà níbẹ̀ láti dín irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kù ni. Àbúrò pa Karmic Dice náà. Wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì sí ìyàtọ̀ kankan tí ojú lè rí. Ẹ̀sùn kejì kú síbẹ̀, àmọ́ ó bí ìbéèrè tó wúlò jù ú lọ: kí ló dé tí ìjà wa fi dá lórí kí idà méjì má tàsé?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ojú ìwé kan náà tí wọ́n ti ṣí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ara Grym bá gbóná, ohun tó ń lu nǹkan fọ́ ń pa á lára ní ìlọ́po méjì. Idà ń gé, ọfà ń gún, wọn kì í lu nǹkan fọ́. Òòlù ogun kan wà nínú àpótí Ẹ̀gbọ́n ní ibùdó tí kò mú jáde rí torí pé nọ́ńbà ara rẹ̀ kéré sí ti idà rẹ̀. Ó wá gbé e. Wọ́n tún bi ara wọn pé kí ni owú ràgàjì tó rọ̀ sórí pèpéle yẹn ń ṣe lókè.

Owú náà ní ọ̀pá tirẹ̀ tí wọ́n ń fà. Bí Grym bá dúró sábẹ́ rẹ̀ gan-an nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, tí ẹnì kan fà á, ọgbẹ́ tí yóò ṣe á ju ohun tí gbogbo ìkọ̀ lè ṣe lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni bí wọn á ṣe mú un dúró síbẹ̀. Èrò Ẹ̀gbọ́n ni pé àlùfáà á dúró sí òdì kejì, ère á máa lọ bá a, á gba abẹ́ owú kọjá, ọlọ́fọ̀ á sì fa ọ̀pá. Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bí ère náà ṣe fẹ́ dé àárín ló yí padà, ó lọ bá ọlọ́fọ̀ nídìí ọ̀pá, ó pa á.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ fà á! Ẹ ní ọ̀dọ̀ àlùfáà ló ń lọ.”

“Ìwọ ni ẹnikẹ́ni ò rán níṣẹ́. Ta ló ní kí o jùkò ọfọ̀ sí i?”

Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tó gbóná díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, tí mi ò ní kọ. Bá a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ dákẹ́, ó sì ní kí àwọn jọ ka àkọsílẹ̀ ìjà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ka kíkà yẹn sí kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti rí òfin tí wọn kò mọ̀ pé ó wà: ẹni tó bá kọlu Grym kẹ́yìn ni Grym ń lé. Kò wo ẹni tó súnmọ́ ọn jù, kò wo ẹni tó ń pa á lára jù. Gbogbo ìgbà tó ti ń rìn gbéregbère lójú wọn, òfin yẹn ló ń tẹ̀ lé láìyẹsẹ̀.

Wọ́n tún rí ìdí tí ọwọ́ wọn fi ń kọlu ara wọn. Nínú géèmù yìí, dáìsì olójú mẹ́rin péré ló ń pinnu ẹni tí ìjà kọ́kọ́ kàn, pẹ̀lú ìyára tí akọni kọ̀ọ̀kan ní. Nítorí náà ó wọ́pọ̀ kí akọni ìkọ̀ kan náà tẹ̀lé ara wọn tààrà, bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á jẹ́ kí wọ́n jọ ṣe tiwọn, kí ẹni tó wù ú ṣáájú. Fún ẹni tó ń gbá a nìkan, ẹ̀bùn ni. Fún èèyàn méjì lórí kọ̀ǹpútà méjì, àwọn méjèèjì lè máa tẹ bọ́tìnnì pọ̀. Ẹ̀gbọ́n fi àlùfáà kọlu ère kí ó lè lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ọfọ̀ Àbúrò bà á. Àbúrò rò pé òun ń ran Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Ère kò mọ ìrànlọ́wọ́, ẹni tó kẹ́yìn ló mọ̀.

Lórí èyí, mo gba apá kan ẹjọ́ Àbúrò. Òfin àìgbà-ọgbẹ́ hàn gbangba láti orí ọfà kìíní, òfin ẹni tó kẹ́yìn sì gba kéèyàn kú, kó padà, kó tún jókòó ka àkọsílẹ̀. Ó ṣeé mọ̀, ó sì dúró ṣinṣin lẹ́yìn tí a bá mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí mi ò fi pè é ní ìrẹ́jẹ. Àmọ́ owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù kí wọ́n tó padà wọlé, ẹnu Àbúrò náà ló ti jáde. Ó ní bí àwọn bá fi owú pa ère náà, ṣé àwọn ló pa á? Lẹ́yìn gbogbo ohun tó ti sọ nípa ìrẹ́jẹ ọ̀tá, ó wá ń bẹ̀rù pé àwọn fẹ́ rẹ́ ọ̀tá jẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹ̀rín, nítorí pé èrò kan wà lọ́kàn Ẹ̀gbọ́n náà: kí wọ́n kó àgbá ẹ̀tù jọ yí pèpéle ká kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wá fi iná sí i. Géèmù náà gba kéèyàn gbé àgbá kiri, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ọ̀tá ló sì ti bá irú rẹ̀ lọ.

Wọ́n jiyàn lé e lórí, wọ́n sì gbà pé àwọn á lo owú, àwọn ò ní lo àgbá. Ìdí tí Àbúrò sọ ló wù mí jù: owú ń béèrè pé kí àwọn mọ Grym, ká mọ ibi tó máa dúró, ìgbà tó máa gbóná, ẹni tó máa lé. Àgbá ò béèrè nǹkan kan nípa rẹ̀; ẹnikẹ́ni tó bá dúró níbẹ̀ ló máa pa. Mi ò sọ pé kí gbogbo ayé tẹ̀ lé òfin yìí. Ẹni tó ń gbá a nìkan lè kó ọgọ́rùn-ún àgbá, kò kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ju ọ̀kan lọ, ohun tí ẹnì kan pè ní ọgbọ́n lè ba ayọ̀ ìṣẹ́gun ẹnì kejì jẹ́. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n sọ ọ́, kì í ṣe ìgbà tí àgbá ti gbiná.

Ìjà tó kẹ́yìn kò gún régé bí wọ́n ṣe rò. Wọ́n ṣètò pé ẹnu Ẹ̀gbọ́n nìkan ni àṣẹ ìkọlù á ti máa jáde, Àbúrò kò sì ní fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan tí kò bá gbọ́ “ó kàn ẹ́.” Tafàtafà ló kọ́kọ́ fa omi iná. Àlùfáà dúró sí òdì kejì, òun ló kọlu ère kẹ́yìn, ère yí sí i, ó gba àárín. Ọlọ́fọ̀ fa owú. Ìró rẹ̀ nìkan tó fún wọn láti pariwo. Lẹ́yìn ìyẹn ni àlùfáà ṣubú, torí ère ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó tó kàn án láti sá. Ẹ̀gbọ́n bá fi jagunjagun gba ipò àlùfáà, ó fi òòlù ogun lu ère náà kí ó lè yí padà sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n tún tú omi iná, wọ́n tún fa owú. Tafàtafà náà ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Òòlù jagunjagun ló parí rẹ̀. Ìdá rẹ̀ kò tilẹ̀ tó 85 nígbà yẹn, mo sì béèrè lọ́wọ́ Àbúrò bóyá dáìsì ọjọ́ yẹn náà yan ẹni. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀.

Fún àwọn tó ń gbá irú géèmù yìí, mo rí nǹkan mélòó kan mú níbẹ̀. Ohun tó pọ́ọ́kú jù lọ nínú àpò ni kéèyàn kọ́kọ́ sọ lu ọ̀tá tí kò mọ̀, kó sì ka èsì rẹ̀ kó tó ná ohun tó wọ́n. Kí ohun ìjà tó ń gé, tó ń gún àti tó ń lu nǹkan fọ́ má ṣe ṣàì sí nínú ìkọ̀ kan, bí nọ́ńbà ọ̀kan tilẹ̀ kéré. Ètò tó bá dúró lórí kí 85 má tàsé lẹ́ẹ̀mejì, ètò náà ló ń bẹ nídìí àjálù, kì í ṣe dáìsì. Bí òfin bá gbà kéèyàn ju dáìsì méjì kó mú èyí tó ga, 85 náà á di 97.75, irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká máa wá kiri dípò ká máa bú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá sì ju ẹyọ kan lọ, kí ẹnì kan máa pàṣẹ.

Fún àwọn tó ń ṣe géèmù, ibi tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn rèé. Gbogbo ohun tí Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò mọ̀, ikú ló kọ́ wọn, ikú sì pọ́ọ́kú níbi tí wọ́n wà. Wọ́n kàn ń padà sẹ́yìn ni. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, géèmù yìí kan náà gba ìpele kan tí wọ́n ń pè ní Honour Mode. Ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bí ìkọ̀ bá tán pátá, ìrìn àjò ọlọ́lá náà ti parí, bó ti wù kó gùn tó. Bí àwọn méjèèjì bá kọ́kọ́ pàdé òfin ẹni tó kẹ́yìn ní ìpele yẹn, mi ò ní lẹ́nu láti sọ fún Àbúrò pé kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Òfin kan náà ni, owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló yí padà. Bí ẹni tó ń ṣe géèmù bá fẹ́ gbé ìjìyà ga, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ já lé e léjìká ni kí ó to àwọn òfin tó farasin kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè iye tí mímọ̀ ọ́n máa ná ẹni tó ń gbá a fún ìgbà àkọ́kọ́. Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ “gbogbo ìrìn àjò rẹ̀,” kí ó wá ibi tí yóò ti fi hàn án ní ẹ̀dínwó ṣáájú: lára ọ̀tá kékeré kan tó ń hu irú ìwà kan náà, tàbí àmì kan lókè orí ẹni tí ère ń lé.